Ẹ Yé Pè É Ní Ẹ̀bùn

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Màmá wọn ló kú, wọ́n sì ń múra ìsìnkú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti olóògbé náà ti gbó, omi ti wọ inú rẹ̀, apá kan ojú rẹ̀ sì ti ṣí kúrò. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo mọ àwòrán yà, kí n jọ̀wọ́ bá àwọn yà á kó tóbi, kí àwọn lè gbé e sí iwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, mà.

Òru mọ́kànlá ni mo fi ya àwòrán náà. Mo kà á. Ní òru mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú tí mo yà kò jọ ojú màmá náà, kò tilẹ̀ jọ ojú ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Ní òru kẹrin ni mo tó rí i pé àárín imú àti ètè ni mo ti ń ṣìṣe, mo ti fà á gùn jù. Ní òru keje, mo fa gbogbo rẹ̀ ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún mi lọ sí ilé ìwé ni mo fi ra káàdìbọ́ọ̀dù funfun méjì àti pẹ́ńsù mẹ́ta. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyá náà bú sẹ́kún. Àwọn ará ilé pé jọ, wọ́n ń pariwo pé, "Màmá rèé! Màmá rèé!" Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé láti sọ iye rẹ̀. Mo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni.

Ojú wọn yí padà. "Owó kẹ̀? Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀bùn ni! Ṣé ohun tí Ọlọ́run fi ta ọ́ lọ́rẹ lo fẹ́ máa tà?" Wọ́n gbàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run bù kún ẹ̀bùn náà. Mo ṣe àmín, mo dúpẹ́, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.

N kò bínú sí ìyá náà mọ́. (Irọ́ ni. Mo ṣì ń bínú díẹ̀.) Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni mo fẹ́ bá ṣẹjọ́ níbí, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wọn jáde ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé oríyìn lẹ fi ń ṣe nígbà tí ẹ bá ní ẹ̀bùn ni. Ẹ rò pé ẹ̀ ń gbé oníṣẹ́ ọnà ga. Èmi sọ pé olè ni ọ̀rọ̀ náà. Òru mọ́kànlá ni mo lò, ó kó mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀, ó sì kó èyí tó kù fún Ọlọ́run, ẹni tí kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun kó o. Ta ló ti sọ fún télọ̀ rí pé kó rán aṣọ ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé Ọlọ́run ló fún un ní ọwọ́? Ta ló sọ fún mẹkáníìkì tó tún jẹnẹrétọ̀ ṣe pé kó gba àdúrà kó máa lọ? Wọ́n á sanwó. Wọ́n á yọwó kí wọ́n tó san án o, ṣùgbọ́n wọ́n á san án, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ló ṣe.

Ìyá ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura sí ọ̀rọ̀ yìí. Aláró ni wọ́n ní Ìtòkú nígbà tí ara wọn ṣì le, àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì ni wọ́n ń ṣe jù. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: láfún ni wọ́n máa ń sè bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, yóò tàn kọjá ìlà, aró yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí ó bá ki jù, yóò sán kí aṣọ tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ á wọ inú ìkòkò aró, á jáde, wọ́n á sá a, á tún wọlé, á tún jáde, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde, ó máa ń dà bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró gan-an níwájú ojú ẹni. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ tán ni wọ́n á tó ha ẹ̀kọ kúrò. Ẹni tó ń ra aṣọ ní ọjà kò rí ìkankan nínú èyí. Ọnà funfun lórí aró ló ń rí, á sì ní, "Ha, àwọn màmá yìí lẹ́bùn o."

Aṣọ Ìbàdàndùn kan wà nínú àpótí Màmá àgbà tí wọn kò jẹ́ tà. Ọnà Ìbàdàndùn ni ọnà tí àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Àwọn òpó yẹn gún rẹ́gí. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ta ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń fà á kó gún báyìí láìlo rúlà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Aṣọ tí mo bà jẹ́ ni." Wọ́n wá sọ fún mi pé òjò méjì gbáko ni ìyá àwọn kò fi jẹ́ kí àwọn fi ọwọ́ kan aṣọ títà. Orí àkísà ni àwọn ti ń fa ìlà. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í ṣe ẹja, kì í ṣe òpó Màpó. Ìlà lásán. Wọ́n ní àwọn kórìíra ìlà nígbà náà ju oògùn ibà lọ.

Àwọn kan á ní, "Ó dára, ìyẹn ni ti aró. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ ọnà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn." Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tó lè ju tirẹ̀ lọ nígbà náà. Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Agbẹ́gilére ni bàbá rẹ̀, agbẹ́gilére ni bàbá bàbá rẹ̀, ọnà sì wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbẹ́ ère, kí ló kù tí ì bá tún máa kọ́? Síbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1940, lẹ́yìn tí ó ti ń gbẹ́gi láti kékeré, ó gba Ọyẹ́-Èkìtì lọ, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, ó sì di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ George Bàmídélé, ọmọ Arówóògún, ìlúmọ̀ọ́ká agbẹ́gilére. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Fádà Carroll yìí kọ ìwé kan tó jáde ní 1967, ó sì to orúkọ tí àwọn agbẹ́gilére wa ń pe ìpele iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, tí wọ́n á fi àáké gé igi lulẹ̀ títí á fi dà bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Èkejì ni àlétúnlé. Ẹ̀kẹta ni dídán, ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí ọ̀bẹ á wá fín irun orí, ìlà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Fínfín nìkan ni ẹni tó wá wòran ń rí, òun ló sì ń pè ní ẹ̀bùn. Èmi, orúkọ kejì yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Àlétúnlé! Àwọn bàbá wa ti fi àtúnṣe sínú orúkọ iṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, àwa sì wà níbí, a rò pé ẹni tó bá ń tún iṣẹ́ ṣe ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Àyàn pàápàá, tí wọ́n fi ìlù sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ìlù kékeré ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ń fún un ní ìyáàlù nítorí orúkọ.

Wọ́n tún máa ń fi Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, tako ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n á ní kò kàwé lọ títí, ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, ó sì fi ọjọ́ díẹ̀ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Kí ni ìyẹn bí kò bá ṣe ẹ̀bùn?" Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi kọ èyí àkọ́kọ́ lóòótọ́. Wọn kì í sọ pé ó tún padà sórí rẹ̀, tó fẹ̀ ẹ́, tó sì tún un kọ fún àkókò tó gùn ju ìyẹn lọ. Wọn kì í sì í bèèrè ohun tí àwọn ìránṣẹ́ yòókù ń ṣe nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ láti jẹ́. Èmi rò pé wọ́n ń sùn.

Wàyí o, mo ní láti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èmi náà lára rí, èmi fúnra mi sì ni mo gbà á láyè.

Ní JSS2, mo gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwòrán láàárín àwọn ilé ìwé. Wọ́n pè mí jáde ní àsẹ́mbìlì, olùkọ́ kan sì sọ fún gbogbo ilé ìwé pé ẹ̀bùn àbímọ́ni ni tèmi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Odindi ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, n kò ya ohunkóhun tó ṣòro. Báwo ni n ó ṣe yà á? Bí mo bá yà á tí ó bàjẹ́, a jẹ́ pé n kò lẹ́bùn. Ohun tí mo mọ̀ yà nìkan ni mo ń yà, kí wọ́n lè máa pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣòro fún mi jù, nítorí náà mo ń fi pamọ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé àwòrán mi ti ọdún yẹn, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló kó ọwọ́ sápò, títí kan ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́.

Ìdíje kejì dé. Wọ́n ní kí a ya obìnrin tó ń dirun. Ẹ ṣáà bá mi rò ó! Ibo ni ẹni tó ń dirun yóò kó ọwọ́ sí? Wákàtí méjì ni mo fi jókòó. Mo ya orí, mo ya àga, mo ya ìdí igi tó wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ó yẹ kí ọwọ́ wà, ihò funfun ni. Mo gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo sunkún títí, nítorí mo gbà pé ẹ̀bùn náà ti kúrò lára mi. Ìkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ló gbé e wá, ẹ̀bùn lè gbé e lọ ní ọjọ́ tó bá wù ú, èmi kò sì ní ohunkóhun tí mo lè ṣe sí i ju kí n máa sunkún.

Màmá àgbà kò bá mi sunkún. Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú mi lórí ẹsẹ̀ wọn, ọwọ́ tí aró kò tíì kúrò ní abẹ́ èékánná rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ya èyí." Mo yà á, ó dà bí iṣu tí ẹkùn-ún rẹ̀ ti wú. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Tún un yà." Láti ìgbà náà, mo ti ya ọwọ́ Màmá àgbà nígbà méjìlélógójì. Mo kọ nọ́ńbà àti déètì sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Títí dé ìkọkàndínlógún, mo lè fi wọ́n dẹ́rù ba ọmọdé.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò ní àdììtú kankan nínú. Bí mo bá fọ abọ́ tán lálẹ́, mo máa ń yàwòrán fún ogún ìṣẹ́jú, iná ìjọba ì báà wà, kó má sì wà. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi àtijọ́ ni mo ń yà á sí. N kò mú írésà dání. N kò dúró dìgbà tí ó bá ń ṣe mí bíi pé kí n yà á, nítorí ní ọ̀pọ̀ alẹ́, oorun ló ń ṣe mí. Bí àwòrán bá kọ̀, mo máa ń yí ohun tí mò ń wò sódì, orí rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ojú mi lè gbàgbé ohun tó rò pé òun mọ̀. N kì í fi ti àkọ́kọ́ han ẹnikẹ́ni. Àwọn alẹ́ kan wà tí ogún ìṣẹ́jú á parí tí kò ní sí ohun kan tó dára lórí ìwé, n ó sì bínú lọ sùn. Ìyẹn náà ń bẹ nínú iṣẹ́. Ẹni tó bá rí èyí tí mo gbé síta ní òpin oṣù kò lè mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn yín. Ní ilé ìwé kan tí mo mọ̀ (n kò ní dárúkọ), ìgbẹ̀yìn ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi Visual Art sí. Bí eré ìdárayá bá wà, wọ́n á fagi lé e. Bí koríko bá ga, wọ́n á fagi lé e. Ní ọjọ́ tí ó bá sì wáyé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Ta ló mọ àwòrán yà?" Ẹni mẹ́ta á na ọwọ́ sókè nínú ogójì. Àwọn mẹ́ta yẹn á gba ìwé àwòrán, àwọn mẹ́tàdínlógójì yòókù á máa da ìtumọ̀ iṣẹ́ ọnà kọ láti ojú pátákó. Ṣé olùkọ́ ìṣirò kan wà tó lè wọ kíláàsì kó ní, "Ta ló ní ẹ̀bùn ìṣirò? Kí àwọn yòókù máa ṣeré"? Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí bí wọ́n ṣe ń wọn ojú sí imú, tàbí bí òjìji ṣe ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú gbangba pé òun kò lè yàwòrán láéláé. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni àròkọ. Wọ́n á fún wa ní àkọlé, wọ́n á fún wa ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, wọ́n á fi bírò pupa ya á, ó parí. Kò sí àlétúnlé. WAEC pàápàá, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Visual Art ní ìbéèrè iṣẹ́ ọwọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdánwò kí wọ́n lè múra. Ẹ̀yin adájọ́ ìdíje yìí, èyí tí ẹ̀ ń kà lọ́wọ́ yìí, ìgbà karùn-ún tí mo kọ ọ́ nìyí. Inú àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo ṣe ni pé mo bú ìyá àdúgbò wa fún ojú ìwé mẹ́ta.

N kò sọ pé ẹ̀bùn kò sí. Àbúrò mi ọkùnrin, bí ó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbá a mú nìyẹn. Èmi lè gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá kí n ṣì máa ṣì í kọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èbù kì í ṣe iyán. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe àbúrò mi ní ẹlẹ́bùn, orin tí ó mọ̀ kò lé.

Ó wá ku bàbá mi. Wẹ́dà ni wọ́n, wọ́n sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Wọn kò fẹ́ kí n fi Visual Art sí fọ́ọ̀mù WAEC mi. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹ̀bùn rẹ kò ní sá lọ. Kọ́ nǹkan gidi ní yunifásítì ná. Tó bá yá, o ṣì lè máa yà á." Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, "Bàbá mi, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá fi iná ìjórin sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ṣé ẹ lè gbé géètì ilé oníbàárà lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó bá padà dé?" Wọn kò fèsì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ kan, wọ́n sì ti lé ọ̀kan rí nítorí pé ó ń jó irin láìwọ̀n ọ́n. Àwọn mọ ohun tí iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn àti ọmọ wọn ń ṣe.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá mi kì í ṣe irọ́. Wọ́n ní ebi ń pa oníṣẹ́ ọnà. Èmi náà ti rí i: mo ya àwòrán fún òru mọ́kànlá, àdúrà ni mo gbé wálé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí po. Àwọn ènìyàn kò sanwó nítorí wọ́n ní ẹ̀bùn ni, àwọn òbí kò jẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ nítorí àwọn ènìyàn kì í sanwó, olùkọ́ kò kọ́ ọ nítorí àwọn òbí kò kà á sí, ọmọ náà kò sì ṣiṣẹ́ nítorí wọ́n ti sọ fún un pé àbímọ́ni ni. Ẹni tó bá fẹ́ já okùn yìí lè já a ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Olùkọ́ lè kọ́ àwọn mẹ́tàdínlógójì yẹn bí wọ́n ṣe ń fa ìlà. Òbí lè wo àwòrán ọmọ rẹ̀ kó bi í pé, "Ìgbà mélòó lo yà á?" dípò kó ní, "Ọlọ́run mà fún ọ o." Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ojú ọmọ náà.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá kan tó ń gbé ní òpópónà kejì wá. Wọ́n rí àwòrán màmá ọjọ́sí níwájú ilé tí wọ́n ti ṣe ìsìnkú, wọ́n sì fẹ́ kí n ya ti bàbá tiwọn. Mo wà ní ilé ìdáná. Kí n tó jáde, mo gbọ́ ohùn bàbá mi níta.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ń gbà. Ẹ san ìdajì sílẹ̀, kí ọmọ lè fi ra nǹkan iṣẹ́."

Wọn kò tíì bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi o.